Olóyè, àwòrán gbàǹjo àti owó ìtanràn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, a kí yín o. A gbọ́ pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olóyè kan tí wọ́n ń pè ní High Sheriff máa ń ṣe agbátẹrù iṣẹ́ ọnà fún ìtọrẹ àánú àti ọ̀rọ̀ ìdájọ́. Agbára wo ló ní? Olóyè kan níbí fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kí owó tó bá wọlé lè ran àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgbádárìgì lọ́wọ́. Báwo la ó ṣe ṣe é? (Akọ̀wé ẹgbẹ́, Àjárá, Àgbádárìgì)

ÌDÁHÙN: Agbára kọ́ ló ní. Ẹ má fi wé ṣẹ́ríìfù kóòtù tiwa tó ń wá kó ẹrù onígbèsè. Ní ọ̀pọ̀ káúntì England àti Wales, ọba ló ń yàn án fún ọdún kan péré, irin ṣóńṣó ló sì fi ń gún ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó mú. Kì í gba owó oṣù. Àwọn ọkùnrin inú wọn ń wọ àrán dúdú, wọ́n á fi idà há ẹ̀gbẹ́, wọ́n á máa gba adájọ́ lálejò. Àmọ́ bó bá ránṣẹ́ pe ọ̀gá ọlọ́pàá, ọ̀gá ẹ̀wọ̀n àti olówó sínú yàrá kan, wọ́n á wá. Gbogbo ohun tó ní kò jùyẹn lọ.

Ohun tí olóyè yín náà máa ṣe nìyẹn: kó pe èèyàn. Kó má di owó mú, kó má sì bá adájọ́ sọ̀rọ̀ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣí àkáǹtì lọ́tọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́. Èèyàn mẹ́ta lórí ìwé, méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí kọ́bọ̀ tó jáde.

Ẹ kọ àdéhùn yín pẹ̀lú ayàwòrán sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó dé: iye tó kéré jù tí ẹ lè tà á, àti bí ẹ ó ṣe pín owó. Àbọ̀-àbọ̀ ló dára lójú wa. Bí ẹ bá ní kí ayàwòrán fi gbogbo rẹ̀ tọrẹ, èyí tí kò rí tà nílé ló máa gbé wá fún yín.

Ọ̀rinrin òkun àti ọ̀sà ni ọ̀tá yín. Iṣẹ́ orí bébà kò gbọdọ̀ kan gíláàsì, torí yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì hu; ẹ fi páálí sáàárín wọn. Ọ̀dà olóróró máa ń gbẹ lójú kí inú rẹ̀ tó gbẹ, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rá wé e. Ẹ so àwòrán kí àárín rẹ̀ ga tó 150 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, lórí ìṣó méjì. Orí ìṣó kan, yóò máa wọ́.

Bí iṣẹ́ ẹlẹ́wọ̀n bá wà nínú rẹ̀ (láti 1962 ni wọ́n ti ń fún ẹlẹ́wọ̀n ní ẹ̀bùn Koestler lórí iṣẹ́ ọnà lọ́hùn-ún), ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ọgbà. Ọ̀dà olómi àti bébà ni kí ẹ mú wọlé, ẹ má mú abẹ tàbí tápéntáìnì. Ẹ má kọ orúkọ oníṣẹ́ síta.

Ní ti owó, ẹ má pín in kiri. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣẹ̀wọ̀n nítorí ìtanràn tí wọn kò rí san. Ẹ béèrè orúkọ wọn lọ́wọ́ ọ̀gá ọgbà, kóòtù tó dá ẹjọ́, iye ìtanràn àti ọjọ́ tó kù. Ẹ lọ fi wé ìwé kóòtù fúnra yín, ẹ san án sápò ìjọba, ẹ gba risíìtì, torí òun ni ọgbà yóò wò kó tó tú u sílẹ̀. Ẹni tó ku ọjọ́ mẹ́ta péré, owó ọkọ̀ délé ló nílò. Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí, agbẹjọ́rò ni; ẹ darí rẹ̀ sí Office of the Public Defender ìjọba Èkó, wọn kì í gbowó.

Ní ọjọ́ gbàǹjo, ẹ sọ fún olóyè kó má dá iye kankan sórí àwòrán títí ilé yóò fi dákẹ́. Bó bá kọ́kọ́ pe iye, ta ló máa fi tirẹ̀ lé e?