Báwo ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe máa ń mọ iṣẹ́ débi tí a kò ní ronú sí i mọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Kubwa, ẹsẹ̀ yín kì í bá ọwọ́ mu lórí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀. Ọpọlọ gan-an ló ń kọ́ ọ. Bí wíìlì bá yí sẹ́yìn tí òwú já, ọpọlọ kékeré tó wà lápá ẹ̀yìn orí á fi ohun tí ẹ fẹ́ ṣe wé ohun tó ṣẹlẹ̀, á sì tún àṣẹ tó ń rán sí iṣan ṣe.

Ìmọ̀ yìí yàtọ̀ sí ìrántí lásán. Lọ́dún 1953, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún Henry Molaison ní Amẹ́ríkà, kò sì lè fi nǹkan tuntun sórí mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ní kó máa fi pẹ́ńsùlù tọ àwòrán ìràwọ̀ tó ń wò nínú dígí, ọwọ́ rẹ̀ ń já fáfá sí i lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò rántí pé òun ti ṣe é rí! Ìyẹn wú mi lórí gan-an.

Ẹ yọ òwú, kẹ́ ẹ máa fi bébà dánra wò díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ sùn dáadáa, torí ọpọlọ ṣì ń bá ẹ̀kọ́ náà lọ lójú oorun. Ẹ má tẹjú mọ́ ẹsẹ̀. Ibi tí abẹ́rẹ́ ń gún ni kẹ́ ẹ máa wò.