Èsì: Níbo la lè kó àwọn ọmọ gbafẹ́ lọ ní Kérésì?

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o, ìyá ìbejì. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ ó lò l'Ékòó, pé àwọn ọmọ tẹ́ ẹ bí sí Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ rí òkun, ẹ̀yin náà sì fẹ́ na ẹsẹ̀.

Àgbádárìgì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ tètè jí, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà yẹn ò mọ ọdún. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí erékùṣù Gbẹrẹfú, kẹ́ ẹ wá fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oníyanrìn tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà lọ sétí òkun. Kànga kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní omi rẹ̀ ni wọ́n ń fún wọn mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ọmọ mi tẹ́nu rẹ̀ kì í dákẹ́ ò sọ nǹkan kan títí a fi débi òkun. Ẹ mú omi àti fìlà dání, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré.

Tó bá jẹ́ ká ṣeré nínú omi ni, ẹ lọ sí Tarkwa Bay. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbéni débẹ̀, ìgbì rẹ̀ sì rọ̀ ju tàwọn etíkun Èkó yòókù lọ. Síbẹ̀, ẹ má fojú kúrò lára àwọn ọmọ.

Afárá orí igi tó wà nínú igbó Lekki Conservation Centre ní Lẹ́kí gùn tó mítà 401, ó sì ń mì! Èmi ò gùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ọ̀bọ ibẹ̀ ò mọ àlejò.

Ẹ fi Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta, sílẹ̀ dìgbà òjò. Omi rẹ̀ kì í pọ̀ lásìkò ọyẹ́.