Màmá Fẹ́ Ta Ilẹ̀ Nítorí Ilé-Ẹ̀kọ́ Sáùǹdì

Ọmọ mi tó kọ̀wé láti Òṣogbo,

Mo ka lẹ́tà rẹ. O ní ìwọ lò ń tọ́jú míksà, ẹ̀rọ tí a fi ń po ohùn pọ̀, àti máìkì nínú ìjọ yín, pé ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Èkó ti gbà ọ́ láti kọ́ iṣẹ́ sáùǹdì fún ọdún kan, pé màmá rẹ fẹ́ ta ilẹ̀ tí bàbá yín fi sílẹ̀ kí wọ́n lè rí owó rẹ̀ san, àti pé ẹ̀gbọ́n rẹ fárígá, wọ́n ní kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ nípa yíyí bọ́tìnnì. O wá ń bi mí bóyá ìwé-ẹ̀rí náà tó ohun tí a ń ta ilẹ̀ fún.

Kò tó. Ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ sáùǹdì fún ọ kì í sábà béèrè ìwé-ẹ̀rí. Yóò ní kí o jẹ́ kí òun gbọ́ èyí tí o ti ṣe rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ kò tọ̀nà tán. Bí máìkì bá ń han láàárín ìsìn, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ yóò fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀, ohùn oníwàásù yóò sì bá a lọ. Ẹni tó mọ̀ pé ohùn inú sípíkà ló ń padà wọ máìkì yóò kọ́kọ́ wo ibi tí a gbé sípíkà sí, lẹ́yìn náà ni yóò wá ìró tó ń han gan-an, tí yóò sì dín ìyẹn nìkan kù. Bákan náà, bí a bá fi máìkì méjì gba ohùn ìyáàlù kan, tí ọ̀kan sún mọ́ ọn tí èkejì jìnnà, ìró kì í dé inú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé nǹkan bíi mítà 343 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyàtọ̀ kékeré yẹn sì tó láti sọ ìlù tó kún dáadáa di fẹ́lẹ́ nínú ohun tí a gbà sílẹ̀. Irú ìmọ̀ yìí, àti olùkọ́ tí yóò jókòó tì ọ́ tí yóò sì sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ kù sí, ni ó tó sanwó fún.

Nítorí náà, lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Wo iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pín míksà kan. Bí ogún ènìyàn bá ń wo ọwọ́ olùkọ́, ìran lẹ sanwó wò. Béèrè iye wákàtí tí ìwọ nìkan yóò fi wà nídìí ẹ̀rọ lọ́sẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń ṣe bí iná bá lọ. Béèrè bóyá wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́: ní Yunifásítì Surrey nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí láti 1970, ọdún kan gbáko lakẹ́kọ̀ọ́ lè fi ṣiṣẹ́ níta kí ó tó parí. Bí wọ́n bá ṣèlérí pé iṣẹ́ ti dájú fún ọ, má san kọ́bọ̀.

Ní ti ilẹ̀, bí bàbá yín kò bá kọ ìwé ìhágún, lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ Yorùbá, ti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ni, màmá rẹ nìkan kò sì lè tà á. Ẹ dá a sí. Wá ọ̀gá kan tó ń gbé sáùǹdì lọ òde àríyá, kí o máa bá a lọ ní Sátidé. Reaper tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ṣeé dán wò lọ́fẹ̀ẹ́ fún 60 ọjọ́, 60 dọ́là sì ni ìwé-àṣẹ rẹ̀ fún ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá yege nínú ìbéèrè rẹ, bẹ̀ wọ́n kí o máa san owó náà díẹ̀díẹ̀.

Kí o sì bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ kí wọ́n bá ọ lọ wò ó. Wọn yóò béèrè èyí tí ojú lè máa tì ọ́ láti béèrè.