Hamburger: ibo ni "ham" wà nínú ẹ̀?

Àbúrò mi kan ló bi mí. Ó ní òun kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, òun sì mọ̀ pé itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n rẹ síyọ̀ làwọn Òyìnbó ń pè ní ham, ṣé hamburger ò wá ṣe é jẹ fún òun nìyẹn, àbí kí ni ham ń wá níwájú orúkọ ẹ̀?

Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ kankan nínú orúkọ yẹn o. Ẹran màlúù tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n sáàbà máa ń fi ṣe é (àmọ́ ṣáá bi ẹni tó sè é, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá àrà míì sí i). Hamburg ni orúkọ ti wá, ìlú elébùúté ńlá kan ní Jámánì, létí odò Elbe. Táwọn ará Jámánì bá fẹ́ sọ pé èèyàn tàbí nǹkan kan jẹ́ ti ìlú báyìí, wọ́n á fi "er" sẹ́yìn orúkọ ìlú yẹn, bí àwa ṣe máa ń fi "ará" síwájú. Hamburger, ará Hamburg. Frankfurter, ará Frankfurt. Wiener náà, Wien ni, ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Vienna. Sọ́séèjì làwọn méjèèjì yẹn bọ́ sí.

Ibi tí wọ́n ti la ọ̀rọ̀ náà ni wàhálà wà. Hamburg-er ló yẹ kí wọ́n là á sí, "burg" yẹn sì rèé, odi ni, ilé olódi ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ham, ó sì mọ ham tẹ́lẹ̀, ló bá gé e síbẹ̀, ni burger bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹ̀, burger tí ò jẹ́ nǹkan kan lédè ẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di oúnjẹ, wọ́n wá ń fi oríṣiríṣi so mọ́ ọn, cheeseburger, fishburger, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí ìgbà tẹ́nìkan gbọ́ agbẹjọ́rò tó ní àgbẹ̀ ló wà níwájú ẹ̀, ó yọ àgbẹ̀ kúrò, ó mú jọ́rò, ló bá ń pe ọlọ́pàá tó mọ òfin ní ọlọ́pàájọ́rò. Àwa máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ tiwọn ti wọnú ìwé atúmọ̀ èdè.

Bó ṣe dé Amẹ́ríkà ò le. Àìmọye àwọn tó ń ṣí kúrò ní Yúróòpù ní sẹ́ńtúrì 19, èbúté Hamburg ni wọ́n ti wọkọ̀ ojú omi, ẹran lílọ̀ tí wọ́n ń pè ní Hamburg steak sì gbilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní ti ẹni tó kọ́kọ́ fi búrẹ́dì sí i, àwọn ará ìlú New Haven ní Amẹ́ríkà ní àwọn ni, àwọn ará ìlú Seymour ní ìpínlẹ̀ Wisconsin náà ní àwọn ni, mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí Amẹ́ríkà ń bá Jámánì jà, àwọn kan ò fẹ́ dárúkọ ìlú ọ̀tá lórí tábìlì mọ́, ni hamburger bá di liberty steak, ẹran òmìnira! Ogun parí, òmìnira kúrò níbẹ̀, Hamburg padà. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2003, nígbà tí ilẹ̀ Faransé ò fara mọ́ ogun tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Iraq, tí wọ́n sọ French fries, ọ̀dùnkún díndín, di freedom fries níbi táwọn aṣòfin wọn ti ń jẹun.

"Er" yìí kan náà ló bí ìtàn Kennedy, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Ní June 26, 1963, ó dúró ní Berlin, ó ní "Ich bin ein Berliner", ará Berlin lòun. Títí dòní làwọn èèyàn ń sọ pé ó ṣi èdè sọ, pé dónọ́ọ̀tì ló pe ara ẹ̀, torí wọ́n ń pe dónọ́ọ̀tì kan tí wọ́n fi jáàmù sínú ẹ̀ ní Berliner. Irọ́ ni jàre. Àwọn apá ibòmíì ní Jámánì ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ní Berlin fúnra ẹ̀ Pfannkuchen ni wọ́n ń pè é, gírámà ẹ̀ sì dáa. Àwọn tó dúró níwájú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn hó yèè ni, wọn ò fi ṣẹ̀sín. Ẹ rò ó wò, Hamburger náà ni olórí ìlú Hamburg, ta ló ń wá ẹran lára ẹ̀?

Sandwich náà, ìlú ni o. Ní Kent ló wà, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjòyè tó ń jẹ oyè ìlú yẹn ní sẹ́ńtúrì 18, John Montagu, ni wọ́n ní kì í fẹ́ dìde nídìí káàdì, ó ní kí wọ́n há ẹran sáàárín búrẹ́dì fún òun. Tí àbúrò mi bá sì ṣì ń wá ham, ó wà níbẹ̀, torí abúlé kan wà nítòsí Sandwich tó ń jẹ́ Ham, àmì ojú títì kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ méjèèjì sí, Ham lókè, Sandwich nísàlẹ̀. Ìyẹn náà ò ní ẹran nínú.