Aago Ọwọ́ Tí Bàbá Fi Sílẹ̀: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà lórí aago tí wọ́n jogún pọ̀ lóṣù yìí. Mẹ́rin la mú nínú wọn.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá wa fi aago Seiko 5 kan sílẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ ló wà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣaláìsí. Mo yí kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí, kò dáhùn. Bí mo bá mì ín, á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á tún dúró. Ṣé kí n máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀? Báwo ni mo ṣe lè mọ ọdún tí wọ́n ṣe é? (Àdètà, Ìlọrin)

Ẹ má tíì wọ̀ ọ́ o. Ti kókó tí kò dáhùn yẹn kì í ṣe àrùn: ọ̀pọ̀ Seiko 5 àtijọ́ ni kò ṣeé ká láti ẹ̀gbẹ́. Irin wúwo kan tó rí bí ìlàjì òṣùpá wà nínú wọn, òun ló ń yí bí ẹ bá ṣe ń ju apá, tó sì ń ká sípíríǹgì. Ohun tó ń dá aago yín dúró ni òróró tó ti gbẹ. Òróró tó gbẹ máa ń pò mọ́ eruku, á sì máa ha ẹnu ihò tí àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké ti ń yí. Aago tó dúró jẹ́ẹ́ nínú dúrọ́ọ̀ kì í bàjẹ́ tó èyí tí wọ́n ń mì lójoojúmọ́ láti fi ṣe fáàrí.

Ní ti ọdún, ẹ dojú rẹ̀ dé. Nọ́ńbà oríṣi méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó ní àmì dáàṣì láàárín, mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀ ni orúkọ ẹ̀rọ inú, mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ni ti ara aago. Nọ́ńbà kejì ló mú ọjọ́ orí dání: èyí àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni òǹkà tó gbẹ̀yìn nínú ọdún, èkejì sì ni oṣù, láti 1 dé 9, lẹ́yìn náà O fún Oṣù Kẹwàá, N fún Ìkọkànlá, D fún Ìkejìlá. Ká ní 8N ló bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì jẹ́ 7009, Oṣù Kọkànlá 1978 ni tàbí ti 1988, torí wọ́n ṣe 7009 pẹ́. Bó bá jẹ́ 6119, ìparí àwọn ọdún 1960 sí àárín àwọn ọdún 1970 lẹ ó máa wò. Fọ́tò Iléyá àtijọ́ kan tí aago náà ti hàn lọ́wọ́ bàbá lè yanjú èyí tó kù.

Kẹ́ ẹ tó gbé e fún oníaago, ẹ ya fọ́tò ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ àti kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ bi oníaago léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: «Ṣé ẹ máa tú ẹ̀rọ rẹ̀ palẹ̀ pátápátá?» Bó bá ní òun á rì í sínú pẹtiróòlù odindi, òun á sì kán òróró máṣíìnì ìránṣọ sí i, ẹ gba aago yín padà. Pẹtiróòlù á fọ ohun tó hàn síta, ìdọ̀tí inú ihò á ṣì wà níbẹ̀. Òróró máṣíìnì sì máa ń ṣàn kiri. Bó bá dé ara sípíríǹgì tín-ín-rín tó ń mú aago mí, ìká rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, aago á wá máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Iṣẹ́ gidi ni kó tú u, kó fọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó fi ìwọ̀n òróró tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ sí ojú ibi tó yẹ. Ohunkóhun tó bá pààrọ̀, kó kó ti àtijọ́ lé yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ó di ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kẹ́ ẹ tó tún gbé e lọ.

Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, àlùwàlá ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́ n'Ílọrin níbí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ni omi ń gba ọrùn ọwọ́ kọjá. Ẹ má gbára lé «Water Resistant» tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀: rọ́bà tó ń dínà omi ti gan lẹ́yìn ogójì ọdún. Ẹ bọ́ ọ sápò kẹ́ ẹ tó gbé kẹ́tùlù. Bí ẹ bá rí ìrì lábẹ́ gíláàsì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kí wọ́n ṣí i. Rírì í sínú ìrẹsì kò lè ràn án lọ́wọ́.

Ẹ má yí déètì láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́ta òru, torí àkókò yẹn ni eyín tó ń ti déètì ti wọ ara wọn. Bẹ́ ẹ bá fi ipá yí i, ó lè kán. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ tó ń fi ìṣẹ́jú púpọ̀ sáré lójijì, ẹ wo ibi tẹ́ ẹ ń gbé e sí. Máágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà rédíò tàbí ẹnu báàgì obìnrin ti lè mú un. Oníaago tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ á yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó jókòó tán. Kó máa fi ìṣẹ́jú-àáyá ogún dín tàbí ogójì lé lójúmọ́ kì í ṣe ẹ̀sùn sí aago tó ti dàgbà báyìí.

Bátìrì ni aago ìyá mi ń lò, ó sì ti kú. Mo fẹ́ fi pa mọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi. Ṣé kò léwu? (Ọ̀fà)

Ó léwu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ bátìrì náà lọ́sẹ̀ yìí. Bátìrì tó kú máa ń ṣomi, omi ọ̀hún á sì jẹ okùn bàbà inú ẹ̀rọ. Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ lò ó, nọ́ńbà ara bátìrì ni kẹ́ ẹ fi ra òmíràn. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SR ni kẹ́ ẹ gbà, kì í ṣe LR, bí wọ́n tilẹ̀ rí bákan náà. LR rọjú, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì tètè ń ṣomi.

Aago bàbá mi àgbà ń dán bíi góòlù. Alágbẹ̀dẹ góòlù kan ní òun á bá mi dán an, òun á fi omi góòlù tuntun pa á, òun á tún kun ojú rẹ̀ tó ti pọ́n. Ó ní iye rẹ̀ á lọ sókè. (Ọmù-Àrán)

Iye iṣẹ́ tiẹ̀ ló máa lọ sókè. Ẹ ka ẹ̀yìn aago náà ná. Bí wọ́n bá kọ «Stainless Steel Back», ẹ̀yìn nìkan ni irin tí kì í dógùn-ún. Iwájú sábà máa ń jẹ́ irin yẹpẹrẹ tí wọ́n fi omi góòlù pa. Góòlù gidi máa ń ní òǹtẹ̀: 750 ni kárátì 18, 585 ni 14, 375 ni 9.

Bí wọ́n bá dán irin tí wọ́n fi góòlù pa, góòlù ọ̀hún ni wọ́n ń ha dànù. Bó tilẹ̀ jẹ́ góòlù gidi, igun mímú ara rẹ̀ á di róbótó, kò sì sẹ́ni tó lè dá irin tó ti lọ padà. Ní ti ojú, ẹni tó ń kó aago àtijọ́ jọ fẹ́ràn ojú tó pọ́n ju èyí tí wọ́n tún kùn lọ. Ó máa ń mọ̀ ọ́n: lẹ́tà á wọ́, ọ̀rọ̀ tín-ín-rín tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lábẹ́ 6 á sì ti pòórá. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ ti tó fún ara rẹ̀. Bí gíláàsì bá jẹ́ oníke, èyí tó ń dún bọ̀lọ̀ bẹ́ ẹ bá fi èékánná kàn án, ẹ lè fi ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ pa ojú ibi tó ha.

Ohun kan ṣì kù. Bí ọwọ́ aago bá ní ọ̀dà tó máa ń tàn lókùnkùn, tó ti di bíi tábà, tó ń ṣẹ́, tí kò sì sí lẹ́tà T (àmì tritium, ọ̀dà tó rọ́pò radium) nísàlẹ̀ ojú rẹ̀, ẹ má ṣí i nílé rárá. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ lára àwọn aago tó ṣáájú àárín àwọn ọdún 1960 sábà máa ń ní radium, èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, eruku rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Aago Swiss kan wà nínú ogún bàbá wa. Èmi nìkan ni ọkùnrin, obìnrin méjì tẹ̀ lé mi, ìyá wa wà láyé. Mo fẹ́ mú un, àwọn àbúrò mi ní kí n kọ́kọ́ sọ iye tó tó. Báwo la ṣe ń pín ohun tí a kò lè gé? (Pàkátà, Ìlọrin)

Òótọ́ làwọn àbúrò yín sọ. Iye tí ẹ ń wá ni èyí tí wọ́n lè rà á lónìí bó ṣe wà yẹn, kì í ṣe iye tí bàbá rà á, kì í sì í ṣe iye tí ẹnìkan kàn ń pè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yan èyí tí wọ́n ti tà tán, kẹ́ ẹ wá irú kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ojú kan náà. Ẹ mú bíi mẹ́ta, ẹ wo àárín wọn, kẹ́ ẹ yọ owó àtúnṣe bí tiyín kò bá ṣiṣẹ́. Páálí àti ìwé tó bá a wá máa ń gbé e sókè, ẹ tún àpótí bàbá yẹ̀ wò.

Ní ìlànà ogún Mùsùlùmí, lẹ́yìn owó ìsìnkú, gbèsè àti àsọsílẹ̀ olóògbé, ká ní ₦240,000 lẹ fẹnu kò sí, tí òbí bàbá yín kò sì sí láyé mọ́. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyá: ₦30,000. Ó ku ₦210,000. Ti ọkùnrin jẹ́ ìlọ́po méjì ti obìnrin, ẹ̀yin ₦105,000, àbúrò kọ̀ọ̀kan ₦52,500. Bẹ́ ẹ bá mú aago, ẹ ó san ₦135,000 fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ nínú ìpín yín lára ogún tó kù. Wọ́n lè yọ̀ǹda tiwọn, àmọ́ kí wọ́n ti mọ iye náà ná. Èyí tí wọ́n yọ̀ǹda láìmọ̀ ló ń di ọ̀rọ̀ kóòtù (Area Court) lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú álùfáà àti ẹlẹ́rìí méjì, kí nọ́ńbà ẹ̀yìn aago sì wà nínú ìwé náà, torí «aago bàbá» nìkan kò tó bí bàbá bá fi ju ẹyọ kan lọ sílẹ̀.