Ìbéèrè Òǹkàwé: Bí a ṣe ń yí ìwọ̀n àwòrán géèmù padà tí kò fi ní rí bàìbàì

Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé fún ojú ewé kọ̀ǹpútà wa ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn àwọn àwòrán tí a ń pè ní texture, èyí tí a fi ń bo ara ògiri, ilẹ̀, igi àti ènìyàn inú géèmù. A kó wọn pọ̀ sójú kan, nítorí pé ìdáhùn ọ̀kan ń la ọ̀nà fún èkejì.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ṣe texture tèmi fún Minecraft. Mo mú àwòrán bíríkì inú géèmù náà, mo sì sọ ọ́ di ńlá nínú GIMP, ètò tí a fi ń tún àwòrán ṣe, kí n lè rí àyè fi iṣẹ́ ọwọ́ tèmi kún un, ṣùgbọ́n bí mo ṣe mú un tóbi báyìí ni gbogbo etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí bàìbàì. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?
Òǹkàwé láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Ẹ kò ṣe ohun tí kò tọ́, kọ̀ǹpútà ló ṣe ohun tí ẹ kò rán an. Àwòrán bíríkì yẹn jẹ́ píksẹ́lì 16 ní ìbú àti 16 ní òró (píksẹ́lì ni àwọn àmì kéékèèké aláwọ̀ kan tí a fi to àwòrán), èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 256 péré. Nígbà tí ẹ bá ní kí GIMP sọ ọ́ di 64 lọ́nà 64, píksẹ́lì 4,096 ni ẹ ń bèèrè. A jẹ́ pé 3,840 nínú wọn kò sí nínú àwòrán náà tẹ́lẹ̀ rárá, ó sì di dandan kí ètò náà wá àwọ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ó ṣe ń wá àwọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Bí ó bá lo ọ̀nà tí GIMP pè ní Linear, yóò wo píksẹ́lì mẹ́rin tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ, yóò sì po àwọ̀ wọn pọ̀. Bí ó bá lo Cubic, mẹ́rìndínlógún ni yóò wò. Níbi tí bíríkì pupa ti pàdé sìmẹ́ńtì aláwọ̀ eérú, àwọn àwọ̀ kan tí kì í ṣe pupa, tí kì í sì í ṣe eérú, yóò jáde sí àárín, àwọn gan-an ni ojú yín sì ń rí tí ẹ fi ń sọ pé àwòrán náà rí bàìbàì. Irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ fọ́tò, nítorí pé àwọ̀ inú fọ́tò sábà máa ń rọra yí padà láti ibì kan dé ibòmíràn. Fún àwòrán tí ayàwòrán fi ọwọ́ to píksẹ́lì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbàjẹ́ ni.

Ẹ lọ sí mẹ́nù Image, ẹ yan Scale Image, kí ẹ sì wo ibi tí wọ́n kọ Interpolation sí nínú fèrèsé tó bá ṣí. None ni kí ẹ yàn níbẹ̀. Nínú Photoshop, Nearest Neighbor ni wọ́n pe ohun kan náà, orúkọ yìí náà sì ni Paint.NET àti Aseprite ń lò. Ọ̀nà yìí kì í po àwọ̀ pọ̀. Ẹ̀dà píksẹ́lì tó bá sún mọ́ jù lọ ló ń ṣe, tó fi jẹ́ pé, nínú àpẹẹrẹ wa, píksẹ́lì kan yóò di onígun mẹ́rin kékeré tó ní píksẹ́lì 16, tí gbogbo wọn jẹ́ àwọ̀ kan náà.

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fò dá, a kò sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń fò ó. Ìlọ́po tí ẹ bá fi sọ àwòrán náà di ńlá gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi, bíi ìlọ́po méjì, mẹ́rin tàbí mẹ́jọ. Bí ẹ bá mú 16 lọ sí 24, ìlọ́po kan àtààbọ̀ nìyẹn, kò sì sí bí a ṣe ń ṣe ẹ̀dà ìdajì píksẹ́lì. Píksẹ́lì kan yóò wá gba àyè méjì, èyí tó tẹ̀lé e yóò gba àyè kan, àwọn ìlà sìmẹ́ńtì tó dọ́gba tẹ́lẹ̀ yóò sì fẹ̀ níhìn-ín, wọn yóò tín-ín-rín lọ́hùn-ún. Kò ní rí bàìbàì, ṣùgbọ́n yóò wọ́. Fún Minecraft, ẹ dúró sórí 32, 64 tàbí 128.

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ kọ́ ilé tí a fi àdìrẹ bo ògiri rẹ̀ nínú Minecraft. Mo fi fóònù ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, Ìbàdàndùn, tí mo jogún lọ́dọ̀ ìyá mi, mo sì fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Nígbà tí ó sọ ọ́ di kékeré, ohun tó jáde dà bí aṣọ tí àwọ̀ ti ṣí lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé àdìrẹ ni. Ó ní òun tún lo Nearest Neighbor tí gbogbo ènìyàn ń sọ, ṣùgbọ́n ńṣe ló burú sí i.
Ìyá kan láti Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ìmọ̀ràn tí ọmọ yín gbà dára, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ṣe é fún. Bí a bá ń mú àwòrán tóbi, Nearest Neighbor ń ṣe ẹ̀dà; bí a bá ń sọ fọ́tò di kékeré, ńṣe ló ń sọ nǹkan nù. Ẹ jẹ́ ká ní ó gé fọ́tò yín sí píksẹ́lì 2,048 lọ́nà 2,048, ó sì fẹ́ kí ó di 64 lọ́nà 64. Píksẹ́lì kan nínú tuntun yóò máa ṣojú fún 32 lọ́nà 32 nínú ti àtijọ́, ìyẹn 1,024. Ọ̀nà yìí yóò mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn, yóò sì da 1,023 nù. Bóyá ẹyọ tó mú bọ́ sórí ìlà funfun tàbí sórí aró, oríire ni, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ìlà náà fi ń já síbí sọ́hùn-ún. Níhìn-ín, ọ̀nà tó ń po àwọ̀ la nílò: Cubic nínú GIMP, tàbí Bicubic Sharper nínú Photoshop, èyí tí wọ́n ṣe fún sísọ àwòrán di kékeré.

Ṣùgbọ́n a kò ní tàn yín jẹ pé yíyan ọ̀nà tó tọ́ nìkan yóò yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ìlà tí aládìrẹ fi ẹ̀kọ yà sórí aṣọ yẹn tín-ín-rín. Bí ìlà kan bá fẹ̀ tó píksẹ́lì 10 nínú fọ́tò, kò tó ìdá mẹ́ta píksẹ́lì kan nínú àwòrán tuntun, kò sì sí ìṣirò kankan lágbàáyé tó lè fi ohun tí kò tó píksẹ́lì kan hàn gẹ́gẹ́ bí ìlà tó mọ́ gaara. Ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe ni pé kí ó po funfun náà mọ́ aró tó yí i ká, kí gbogbo rẹ̀ sì di búlúù ràkọ̀ràkọ̀. Aṣọ tí àwọ̀ ti ṣí tí ẹ rí nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ dín ohun tó wà nínú àwòrán kù kí ẹ tó dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Orí ire yín ni pé onígun mẹ́rin onígun mẹ́rin ni wọ́n pín Ìbàdàndùn sí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọnà tirẹ̀. Kí ọmọ yín gé ẹyọ kan ṣoṣo jáde, bí èyí tó ní òpó Gbọ̀ngàn Mápó, kí ó sì fi ìyẹn nìkan ṣe búlọ́ọ̀kù kan. Bí ó bá fẹ́ kí odidi aṣọ hàn, kí ó má wulẹ̀ fi ṣe búlọ́ọ̀kù rárá. Àwọn àwòrán tí a ń fi kọ́ ògiri nínú géèmù náà wà nínú fódà painting, àwọn kan nínú wọn sì gba ààyè búlọ́ọ̀kù mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin. Bí ó bá fi àdìrẹ rọ́pò ọ̀kan nínú àwọn ńlá yìí, tí ó sì jẹ́ kí fáìlì rẹ̀ tó 512 lọ́nà 512, àwọn ìlà ẹ̀kọ náà yóò rí àyè dúró sí.

Lẹ́yìn tí ó bá ti dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, iṣẹ́ ọwọ́ ló kù, a kò sì mọ ẹni tó ń ṣe texture tó dára tó ń sá fún un. Kí ó lọ sí Image, lẹ́yìn náà Mode, kí ó yan Indexed, kí ó sì fi iye àwọ̀ mọ sí mẹ́rin tàbí mẹ́fà, láìfi dithering sí i, ìyẹn fífi àmì àwọ̀ méjì wọ́n ibì kan kí ó lè dà bí àwọ̀ kẹta. Èyí bá àdìrẹ mu dáadáa, nítorí pé aró àti ibi tí ẹ̀kọ kò jẹ́ kí aró wọ̀ ni ọnà náà ní ní ìpìlẹ̀. Gbogbo àwọn àwọ̀ agbedeméjì tí àpòpọ̀ dá sílẹ̀ yóò já sí ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ yẹn, etí yóò sì mú padà. Kí ó wá fi Pencil tó jẹ́ píksẹ́lì kan tún àwọn ìlà tó já so. Kí ó má fi Paintbrush ṣe é, nítorí pé etí tirẹ̀ máa ń rọ̀, yóò sì tún dá bàìbàì náà padà.

Ó tún ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé àwòrán kékeré náà dúdú ju aṣọ lọ. Ọ̀pọ̀ ètò ló ń po nọ́ńbà àwọ̀ dípò ìmọ́lẹ̀ tí nọ́ńbà náà dúró fún. Bí píksẹ́lì dúdú àti funfun bá dọ́gba ní iye, irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò fúnni ní eérú 128, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó ṣírò ìmọ́lẹ̀ gan-an yóò fúnni ní nǹkan bíi 188. Aṣọ tó kún fún ìlà wẹ́wẹ́ ló máa ń fi ìyàtọ̀ yìí hàn jù. Bí ètò tí ó ń lò kò bá ṣírò ìmọ́lẹ̀, kí ó fi ọwọ́ mú àwòrán náà mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ó tó dín iye àwọ̀ kù.

Ní ti WhatsApp, bí ẹ bá fi àwòrán ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò, yóò fún un pọ̀, yóò sì dín ìwọ̀n rẹ̀ kù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ yín. Ẹ yan Document, kí ẹ mú fáìlì náà láti ibẹ̀. Yóò dé bí ẹ ṣe fi ránṣẹ́. Ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ nínú ibòji, kí ẹ sì ya á láti òkè gan-an, nítorí pé bí ẹ bá ya á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di dandan kí ọmọ yín nà án kí ó tó dọ́gba, àpòpọ̀ àwọ̀ mìíràn sì nìyẹn. PNG ni kí ó fi tọ́jú àbájáde. JPEG máa ń pín àwòrán sí 8 lọ́nà 8, ó sì ń sọ díẹ̀ nù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lára fọ́tò ńlá a kì í rí i, àmọ́ lára àwòrán tó jẹ́ 64 péré, ojú kò ní ṣàì rí i.

Ìbéèrè: Mo ń fi Unity kọ́ bí a ṣe ń ṣe géèmù. Texture mi mọ́ gaara bí mo bá ṣí fáìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e sínú géèmù, ó ń rí bàìbàì. Ṣé kí n sọ ọ́ di ńlá sí i ni?
Òǹkàwé láti Èkó

Ìdáhùn: Rárá o. Bí fáìlì bá mọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Inú géèmù ni bàìbàì ti wọlé. Ẹ tẹ texture náà nínú Unity, kí ẹ sì wo Inspector. Filter Mode máa ń wà ní Bilinear láti ilẹ̀, ìyẹn ni pé àpòpọ̀ tí a sọ lókè ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí géèmù ń lọ lọ́wọ́. Ẹ yí i sí Point. Ẹ yí Compression sí None, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀nà ìfúnpọ̀ ń mú píksẹ́lì 4 lọ́nà 4 pa pọ̀, wọ́n sì ń fi àwọ̀ díẹ̀ ṣojú fún gbogbo wọn. Ẹ wo Non-Power of 2 náà: bí ìwọ̀n texture yín bá jẹ́ 48 tàbí 100, tí ẹ sì rí ToNearest níbẹ̀, Unity ti yí ìwọ̀n rẹ̀ padà láìsọ fún yín. Ẹ ṣe é ní 32, 64 tàbí 128, kí ẹ sì tẹ Apply. Ẹni tó ń lo Godot, ètò mìíràn tí a fi ń ṣe géèmù, yóò wá Default Texture Filter nínú Project Settings, yóò sì yan Nearest.

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tó jìnnà nìkan ló ń rí bàìbàì, mipmap ló ń ṣiṣẹ́, ìyẹn àwọn ẹ̀dà kéékèèké tí onímọ̀ àwòrán kọ̀ǹpútà, Lance Williams, ṣàlàyé ní ọdún 1983, tí 16 ń di 8, 4, 2 àti 1. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá pa á, ohun tó jìnnà yóò máa ṣẹ́jú wìrìwìrì bí ẹ ṣe ń rìn. Àwọn tó ń ṣe Minecraft ní láti ṣọ́ra níbí: bí fáìlì búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo bá jẹ́ 18 lọ́nà 18, ó lè fa ìpele mipmap gbogbo àwọn yòókù wálẹ̀ láti 4 sí 1.

Ìbéèrè: Ṣé AI lè sọ texture géèmù àtijọ́ tó jẹ́ 256 di 1,024 kí ó sì mọ́ gaara?
Òǹkàwé láti Ìlọrin

Ìdáhùn: Ó lè ṣe é, bí ẹ bá gbà pé ohun tó bá fi kún un, òun ló rò ó. Láti ìgbà tí ESRGAN, irú AI kan tó ń mú àwòrán tóbi, ti jáde ní ọdún 2018 ni àwọn olólùfẹ́ géèmù ti ń lò ó fún irú iṣẹ́ yìí, wọ́n sì lò ó fún géèmù Morrowind tó jáde ní 2002. Ó mọ òkúta àti igi í ṣe. A kò ní fọkàn tán an lórí ojú ènìyàn tàbí lórí lẹ́tà tí a kọ sára ògiri. Bí texture náà bá ní ibi tí a lè rí òdìkejì gbà, ẹ yọ alpha rẹ̀, ìyẹn apá tó ń sọ ibi tí ojú lè là kọjá, sọ́tọ̀, kí ẹ mú òun náà tóbi lọ́tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọ̀ tó fara pamọ́ níbẹ̀ yóò yọ sí etí ewé àti irun.

Wàhálà tó máa ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni ojú ìrán. Texture ògiri ni a ń tò léra wọn, etí ọ̀tún rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá etí òsì mu, ṣùgbọ́n AI kò mọ̀ pé nǹkan kan wà lẹ́yìn etí, Cubic pàápàá kò mọ̀. Ẹ to texture náà ní mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta kí ó di 768 lọ́nà 768, ẹ jẹ́ kí AI sọ ọ́ di 3,072 lọ́nà 3,072, kí ẹ wá gé 1,024 tó wà láàárín gan-an jáde, bẹ̀rẹ̀ láti píksẹ́lì 1,024 ní ìbú àti ní òró.