Èsì: Ṣé òfin ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ lásán ṣe é dá padà?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé a lè mú òfin ẹ̀ṣẹ́ aláìníbọ̀wọ́ ayé àtijọ́ wọ inú ẹ̀ṣẹ́ òde òní. Apá kan ṣe é mú. Apá kan yóò ba ìjà jẹ́.

Lábẹ́ òfin London ti 1838 tí wọ́n fi ń ja ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ lásán, rọ́ùndù kò ní iye ìṣẹ́jú. Ẹnìkan bá ti ṣubú, rọ́ùndù yẹn parí nìyẹn. Wọ́n á sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́yìn náà oníjà ní ìṣẹ́jú àáyá 8 láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìlà àárín ibi ìjà. Bí kò bá dé ibẹ̀, ó ti pàdánù. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ẹni tó bá ti rẹ̀ á mọ̀ọ́mọ̀ wó lulẹ̀ kó lè sinmi. Òfin kà á léèwọ̀, àmọ́ ó ṣòro fún rẹfirí láti mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ́ ló gbé e ṣubú. Ìdí nìyí tí Sullivan àti Kilrain, àwọn ajẹ̀ṣẹ́ ará Amẹ́ríkà, fi lè ja rọ́ùndù 75 ní Mississippi ní 1889.

Ìlà yẹn gan-an ló yẹ ká mú. BKFC, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣètò ìjà ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ lásán, ń lò ó láti 2018: ojú ìlà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́ùndù ìṣẹ́jú 2 ni, wọ́n sì ń ka ẹni tó bá ṣubú dé 10.

Ní ti ìbọ̀wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè bọ́ ọ. Egungun iwájú orí le ju ti ọwọ́ lọ. Ẹ gbá a lọ́wọ́ lásán, egungun tó wà lẹ́yìn ìka kékeré ló sábà máa ń kán. Ẹ kọ́kọ́ fi ìlà dánwò pẹ̀lú ìbọ̀wọ́.